Omi ewé dóńgóyárò kò lè wo gbòǹgbò tó ti ta kókó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Tòmátì mi ń rọ lọ́sàn-án bí mo tilẹ̀ ń bomi rin ín. Mo fa ọ̀kan tu, kókó kún gbòǹgbò rẹ̀. Wọ́n ní kí n se ewé dóńgóyárò, kí n rẹ ewé tábà sí i, kí n máa dà á sí ìdí rẹ̀. Wọ́n ní ewé lásán ni, kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Báwo ni kó ṣe pọ̀ tó? (Àgbẹ̀ kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Ẹ má dà á sí i rárá. Nematode ló mú tòmátì yín, aràn inú ilẹ̀ tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Inú gbòǹgbò ni abo rẹ̀ ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti ń yé ẹyin rẹpẹtẹ. Kókó tó ti wú kò ní sọ̀ mọ́. Ẹ máa bomi rin ín, ẹ ká èyí tó bá so. Ọ̀gbìn tó ń bọ̀ la fẹ́ gbà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sísè yìí ti sú mi. Torí pé à ń se dóńgóyárò fún àgbo ibà ni wọ́n ṣe rò pé bẹ́ẹ̀ la ó ṣe fún oko. Inú kóró ni azadirachtin, èròjà tó ń dààmú kòkòrò, pọ̀ sí jù. Ìwọ̀nba ló wà nínú ewé. Iná ń bà á jẹ́, oòrùn náà ń bà á jẹ́. Ẹni tó sè é títí, tó tún dà á sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó fi igi ṣòfò ni.

Ẹ ṣa kóró tó pọ́n, ẹ fọ ẹran ara rẹ̀ kúrò, ẹ sá a síbi ibòji. Èyí tó bá bu, ẹ dà á nù. Ẹ gún un, ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ ebè, ẹ bomi sí i, kó jẹrà fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí ẹ tó gbìn, torí tútù rẹ̀ lè jó irúgbìn. Ẹ fi ebè kan dán an wò ná. Á dín aràn náà kù. Kò ní pa á tán.

Ẹ hú gbogbo gbòǹgbò tòmátì náà, ẹ sun ún. Ẹ má gbin ṣọkọ, ilá tàbí ewédú tẹ̀ lé e, oúnjẹ aràn yìí ni wọ́n. Ẹ̀pà sàn jù. Bí ẹ bá rí kókó lára gbòǹgbò ẹ̀pà, ẹ má bẹ̀rù: ẹ fi èékánná họ ọ́. Kókó ti ẹ̀pà fúnra rẹ̀ á ṣí kúrò, inú rẹ̀ á pọ́n díẹ̀. Ti nematode, gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú.

Ní ti tábà, májèlé ni. Nicotine inú rẹ̀ ń gba awọ ara wọlé, ó lè mú èèyàn bì, kó sì dá ọmọdé wólẹ̀. Ewé tábà tún lè kó àrùn ran tòmátì.

N kò fojú rí oko yín o. Ẹ di gbòǹgbò kan pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e lọ bá àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ní LAUTECH, yunifásítì tó wà nítòsí yín, kí ẹ tó náwó.