Èsì: Ibi tí orúkọ òṣèré yẹ kí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù amúnifòyà

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè ohun tí ó yẹ kí a máa rí bí orúkọ àwọn òṣèré ṣe ń jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù yín nípa apànìyàn, tí ẹ fẹ́ kí ó gba ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ yọ àwòrán ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ tí ẹ ya láti òkè kúrò. Kò sí ohun tí ń kọni lóminú nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tí ẹ fi í hàn fi sọ pé ó jọ ìpolówó ìlú.

Ọwọ́ apànìyàn nìkan ni kí ẹ ya, láìfi ojú rẹ̀ hàn: bí ó ṣe ń fi abẹ gé okùn àwọ̀n, bí ó ṣe ń nu èékánná, kí orúkọ kọ̀ọ̀kan sì yọ fìrí kí ó tó pòórá. Irú ọ̀nà yìí ni Kyle Cooper, tí ó máa ń ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù níbi tí orúkọ ti ń jáde, gbà fún fíìmù Se7en ní 1995, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà tí a fi ọwọ́ ha, tí wọ́n ń gbọ̀n lójú.

Ṣùgbọ́n bí òǹwòran kò bá tíì mọ apànìyàn náà ni èyí fi wúlò. Bí ìran kìíní bá ti tú àṣírí rẹ̀, ìlà àti orin ti tó, gẹ́gẹ́ bí Saul Bass, tí òun náà ń ṣe irú ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ti ṣe fún fíìmù Psycho ní 1960, níbi tí àwọn ìlà gbọọrọ ti ń gé orúkọ sí wẹ́wẹ́ bí orin tí Bernard Herrmann kọ fún fíìmù náà, tí ó jẹ́ ti ohun èlò olókùn nìkan, ti ń sáré lọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin tí ẹ wí ti pọ̀ jù fún fíìmù kékeré. Ẹ jẹ́ kí ó mọ sí ọ̀kan. Orúkọ olùdarí ni kí ó kẹ́yìn.