Ẹ Bi Wá: Àpótí Búrẹ́dì Tí Yóò Tọ́jọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àpótí búrẹ́dì mẹ́ta ni mo ti rà láàárín ọdún mẹ́rin. Ti páànù dípẹtà, ti rọ́bà sán níbi ìdérí, búrẹ́dì sì ń bu nínú ti pákó tí mo ń lò báyìí. Èwo ni kí n rà tí n óò fi sinmi? (Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn)

Ẹ kú ìnáwó, Ìyá Ìbejì. Oríkèé ni àpótí ti sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́: ibi tí ìdérí ti so mọ́ ara rẹ̀, àti igun tí páànù ti pàdé páànù. Ibẹ̀ ni kí ẹ wò lọ́jà kí ẹ tó wo àwọ̀. Ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ sì pa á dé bí ìgbà mẹ́wàá. Bó bá ń há, tàbí tó ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ gbé e sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín ìdérí. Bó bá wọlé tó sì ta padà, páànù rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù. Ẹ rọra fi ìka tọ etí rẹ̀ nínú, torí etí tí wọn ò bá ká dáadáa yóò gé ọmọ lọ́wọ́.

Páànù tí wọ́n kùn lọ́dà rẹwà lójú, àmọ́ ibi tí ọ̀bẹ bá ti họ ọ́ ni yóò ti dípẹtà. Irin tí kì í dípẹtà ló yẹ owó yín. Àwọn ọlọ́jà kan á gbé òòfà jáde pé, “Ẹ wò ó, kò lẹ̀ mọ́ ọn, ojúlówó ni!” Ìyẹn ò tó ẹ̀rí. Òòfà kì í lẹ̀ mọ́ àlùmíníọ́mù náà, bẹ́ẹ̀ ni irin kan wà tí kì í dípẹtà tí òòfà sì ń lẹ̀ mọ́. Ìṣó kéékèèké tó de ìdérí ni kí ẹ wò. Bó bá ti ń pọ́n láti ṣọ́ọ̀bù, kò ní pẹ́ já.

Ní ti búrẹ́dì tó ń bu, ẹ má tíì ju àpótí pákó yẹn nù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbígbóná lẹ ń kó o sínú rẹ̀. Ooru á di omi lábẹ́ ìdérí, á sì máa kán padà sórí búrẹ́dì. Ẹ gbé búrẹ́dì Agége tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ààrò dé sórí ajọ̀ fún wákàtí méjì sí mẹ́ta, títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò fi ní lọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀yìn àpótí. Bí kò bá ní ihò, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu mẹ́rin sí mẹ́fà sí i, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ohun tí pẹ́ńsù lè gbà kọjá: ìdajì lókè, ìdajì nísàlẹ̀. Àpótí tó bá dé pinpin kò bá ojú ọjọ́ tiwa mu.

Káfíńtà fẹ́ kan tèmi fún mi. Pákó wo ni kí n ní kó lò? (Abẹ́òkúta)

Ìrókò tàbí ọ̀gànwó tó ti gbẹ dáadáa, kó nípọn tó ìdajì íńṣì. Ẹ má gba MDF: lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò ni, bí omi bá kàn án, á wú, kò sì ní padà sípò. Ẹ fi téèpù wọn búrẹ́dì tí ẹ sábà ń rà, kí ẹ fi íńṣì méjì kún gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀. Ẹ sọ fún káfíńtà kó fi àyè díẹ̀ sí etí ìdérí. Pákó máa ń wú nígbà òjò, á sì sún kì nígbà ọyẹ́. Ìdérí tó bá a mu rẹ́gí ní oṣù Ṣẹẹrẹ lè há ní oṣù Agẹmọ. Kó kun fánísì sí ìta nìkan. Ẹ má fi epo kankan pa inú rẹ̀, epo ìsebẹ̀ tó bá pẹ́ lára pákó á máa rùn, búrẹ́dì á sì gba òórùn náà.

Èèrà ò jẹ́ kí n gbádùn.

Ẹ gbé ẹsẹ̀ àpótí sínú ìdérí ike mẹ́rin tí omi wà nínú wọn, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe fún kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ. Ẹ kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i, torí èèrà lè rìn lórí omi lásán. Tí ọṣẹ bá ti wà níbẹ̀, á rì. Ẹ máa gbọn èérún inú àpótí dànù ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta.

Ṣé fíríìjì ò sàn jù ú lọ?

Rárá o. Òtútù fíríìjì ló ń mú búrẹ́dì le kíákíá jù. Bó bá máa ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ gé e, ẹ dì í sí ọ̀rá, kí ẹ kó o sí fírísà.

Búrẹ́dì mi ò bu, àmọ́ inú rẹ̀ ń fà bí ilá, ó sì ń rùn bí ọ̀pẹ òyìnbó tó ti pọ́n jù. (Ìlọrin)

Ẹ má jẹ ẹ́. Kòkòrò àìfojúrí kan ló wà nídìí rẹ̀. Inú ìyẹ̀fun ló ti ń wá, iná ààrò kì í sì í pa á tán, ooru àti ọ̀rinrin ló ń jí i. Ẹ da gbogbo búrẹ́dì tẹ́ ẹ rà pọ̀ nù. Ẹ fi ọṣẹ fọ àpótí, ẹ wá po ife fínígà kan mọ́ ife omi kan, kí ẹ fi nù ún nínú lóde, pàápàá igun rẹ̀ tí èérún máa ń há sí. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ tán. Bí ti ọjọ́ kejì bá tún ń fà, ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì ni kí ẹ lọ bá wọn sọ ọ́.