Títa Gìrì Kọ́ Ni Ẹ̀rù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ń ya fíìmù abanilẹ́rù kan tí kò ní ju ìṣẹ́jú 20 lọ, nípa obìnrin tó háyà yàrá tí ẹni tó gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kú sí. Ẹnì kan tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì sọ fún wa pé fíìmù tí kò bá mú òǹwòran fò lórí àga ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta kì í ṣe fíìmù abanilẹ́rù, ó sì ta àkójọ ohùn abanilẹ́rù fún wa. A ti ní ibi mẹ́fà báyìí, títí kan ológbò tó bẹ́ jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣé mẹ́fà tó? Irú máíìkì wo ni kí a rà?

Ìdáhùn: Èyí tí ẹ bá ní lọ́wọ́ nínú máíìkì ti tó. Ohun tó kàn ni mẹ́ta-mẹ́ta tí wọ́n fi kọ́ yín yẹn, torí pé ìgbà karùn-ún nìyí tí irú ìbéèrè yìí yóò dé ọ̀dọ̀ mi láàárín oṣù díẹ̀, bí ẹni pé ara pátákó kan náà ni gbogbo yín ti dà á kọ. Iṣẹ́ títo ohùn sí fíìmù ni mo ń ṣe, mo sì ti ń wo fíìmù abanilẹ́rù láti ìgbà tí a ti ń háyà kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Mo lè sọ ọ́, láì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, pé ẹ̀kọ́ náà kò tọ̀nà.

Èdè wa ti ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ tipẹ́. Bí atẹ́gùn bá pa ilẹ̀kùn dé gbàmù lẹ́yìn yín, ẹ ó ta gìrì, kódà bó jẹ́ ẹ̀wà ni ẹ jókòó tí ẹ ń ṣà. Bí ẹnì kan bá pè yín lórí fóònù ní aago méjì òru, àyà yín yóò já. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dá nìkan wà nínú ilé, tí ẹ wá ń gbọ́ tí ẹnì kan ń gbálẹ̀ nínú yàrá tí ẹ fi ọwọ́ ara yín tì, orí yín ni yóò wú. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Títa gìrì kò kan èrò ọkàn rárá. Ara ló ń ṣe é fúnra rẹ̀ kí a tó mọ ohun tó dún: ojú á ṣẹ́, ọrùn á sún kì, èjìká á sì gbéra. Ọmọ ọwọ́ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní iwin ń ta gìrì. Nítorí náà, ẹni tó pa ohùn fíìmù rẹ̀ lẹ́nu mọ́ fún ìgbà díẹ̀, tó wá ki ariwo bọ̀ ọ́ lójijì, kò tíì dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí ọmọdé tó ní páànù àti igi lè ṣe ló ṣe.

Ẹ ó ní àwọn fíìmù ńlá náà ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní 1942, wọ́n gbé Cat People, fíìmù nípa obìnrin tó gbà pé òun lè di ẹranko, jáde ní Hollywood: Val Lewton ni agbátẹrù rẹ̀, Jacques Tourneur darí rẹ̀, Mark Robson sì ni ó gé e tó sì tò ó. Obìnrin mìíràn ń dá rìn lóru lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ìgbafẹ́, bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò-kò, bàtà ẹlòmíràn ń dún tẹ̀ lé e. Bàtà ẹ̀yìn dákẹ́. Obìnrin náà wẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni, ó yára sí i; ìgbà tí a ń retí pé ẹranko ni yóò bẹ́ jáde, bọ́ọ̀sì kan yọ lójijì, bíréèkì rẹ̀ sì dún bí ẹranko tó fẹ́ bu ni jẹ. Títí di òní, bọ́ọ̀sì Lewton ni àwọn oníṣẹ́ fíìmù ń pe ọgbọ́n yìí. Àwọn tó ń kọ́ yín mú bọ́ọ̀sì, wọ́n fi ìrìn sílẹ̀.

Àwọn ìyá wa mọ ìrìn yẹn dáadáa. Nínú ààlọ́ ọmọge tó tẹ̀ lé arẹwà ọkùnrin kúrò lọ́jà, àwa tí a ń gbọ́ ti mọ̀ pé ẹ̀yà ara àyálò ni ọkùnrin náà gbé wọ̀. Ọmọge nìkan ni kò mọ̀. Ó dá ẹsẹ̀ padà fún ẹlẹ́sẹ̀, ó dá apá padà fún alápá, ó ku orí ṣoṣo, ọmọge ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá àgbà tèmi kò pàtẹ́wọ́ mọ́ wa létí rí kí ẹ̀rù tó bà wá. Ṣe ni ó máa ń rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sí i.

Nínú gbogbo èyí tí mo ti wò, Jaws tí Steven Spielberg ṣe ní 1975 ni mo máa ń fi kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe ẹja apanijẹ inú rẹ̀ ń bàjẹ́ ṣáá nínú omi òkun, wọ́n sì ní láti máa fi í pa mọ́, débi pé ó ju wákàtí kan lọ kí a tó rí i dáadáa. Orin John Williams, tó dá lórí ohùn méjì péré, ló dúró fún ẹja náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò ṣàkíyèsí ni pé orin náà kì í parọ́: nígbà tí àwọn ọmọdé méjì fi páálí ṣe lẹbẹ̀ ẹja láti dẹ́rù ba àwọn tó ń wẹ̀, orin náà kò dún. Etí wa ti gbà pé ibi tí orin bá wà ni ẹja wà. Lẹ́yìn náà ni ẹja wá yọ orí lẹ́yìn ọkọ̀ láìsí orin rárá, a sì fò lórí àga. Fífò tó ní ìdí nìyẹn, ó sì ju wákàtí kan lọ tí wọ́n fi sè é.

Èyí tí kò dára kò ṣòro láti mọ̀: àwọn tí àrá máa ń sán ní gbogbo ìgbà tí babaláwo bá ti yọjú, bó tilẹ̀ jẹ́ oṣù Ṣẹ́rẹ́ nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, owó kọ́ ni ìṣòro. Living in Bondage, fíìmù èdè Ìgbò tí Kenneth Nnebue gbé jáde ní 1992, kò ní ohun èlò ńlá, síbẹ̀ nígbà tí Merit, ìyàwó tí Andy fi ṣe oògùn owó, bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn án, ẹ̀rù ń bà wá nítorí pé a mọ ohun tí Andy ṣe.

Ní ti àkójọ ohùn tí ẹ rà, ẹ yẹ ìwé àṣẹ rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni má bàa pè yín lẹ́jọ́. Nínú fíìmù Psycho ti 1960, ọ̀bẹ tí wọ́n ń gún bọ èso kan tó jọ bàrà ni a ń gbọ́ bí ẹni pé ara ènìyàn ni. Ẹ̀yin náà lè lọ sọ́jà, kí ẹ wá ohun tí ẹ ó fi ṣe ohùn tiyín.

N kò tíì rí fíìmù yín, nítorí náà ẹ gba èyí gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn lásán. Mẹ́fà pọ̀ jù. Ẹyọ kan tó, ní apá ìparí. Ẹ wo ìyókù láìsí ohùn kankan, ibi tí ọkàn yín bá balẹ̀ pátápátá, ẹ tún un kọ, ẹ má wulẹ̀ fi ariwo dí i. Ẹ má gbé ohùn sókè ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n kì bọ etí gbọ́ ọ. Bí iná bá ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀, ẹ kọ ìkìlọ̀ síwájú fún àwọn tó ní wárápá. Èmi kì í ṣe dókítà, ẹni tó bá ní àìsàn ọkàn kí ó bi dókítà tirẹ̀. Kí obìnrin inú yàrá náà máa gbọ́ ìgbálẹ̀ ẹni tó kú, kí ìró náà kọ́kọ́ jìnnà, kí ó máa súnmọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ológbò inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò lónìí.