Ẹ Bi Àǹtí Léèrè: Mo fẹ́ máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìdárayá ní ọ́fíìsì wọn, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin ẹni ọdún 26 ni mí, Tánkẹ̀ ni mò ń gbé n'Ílọrin níbí. Human Kinetics, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìdárayá, ni mo kà ní Unilorin, mo ti sin ìlú, ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní jíìmù kan àmọ́ owó ibẹ̀ ò tó nǹkan kan. Mo wá ń rò ó pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àtàwọn ará báǹkì tó nílò ìdárayá gan-an kì í ráyè wá bá wa, kí ló dé tí mi ò lè máa lọ bá wọn níbi iṣẹ́ wọn. Dádì mi ní ta ló máa sanwó kí ẹnì kan wá máa fò sókè fò sódò lọ́fíìsì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ gidi ni? Báwo ni mo ṣe máa wọlé?* Ọmọ Tánkẹ̀

Àbúrò mi, iṣẹ́ gidi ni, ó sì lè gbé èèyàn ró. Má bá dádì ẹ jiyàn, nígbà tiwọn èèyàn ń rìn, ó ń gbé nǹkan, ó ń fẹsẹ̀ lọ fẹsẹ̀ bọ̀, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún ìdárayá. Èèyàn tòní ni ò rìn mọ́. Á wọ kẹ̀kẹ́ NAPEP láti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀ dé gééètì sẹkitéríàtì, á jókòó láti aago mẹ́jọ dé aago mẹ́rin, wọ́n á gbé àmàlà wá bá a lórí tábìlì, á tún wọ kẹ̀kẹ́ NAPEP padà sílé lọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, tó bá wá di ẹni ọdún 45 á máa sọ pé ẹ̀yìn ń ro òun, orúnkún ń dun òun, òun ò mọ ohun tóun jẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1953, dókítà kan ní London, Jerry Morris, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì tó wà níbẹ̀. Dẹ́rẹ́bà jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kọ́ńdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì lókè nísàlẹ̀ láti gba owó. Bọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n jọ wà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀, àmọ́ àwọn dẹ́rẹ́bà ni àrùn ọkàn ń mú jù, èyí tó sì mú kọ́ńdọ́kítọ̀ kì í sábà le tó tiwọn. Ìtàn yẹn ni kó o lọ sọ fún ọ̀gá ọ́fíìsì tó o bá wọlé tọ̀ ọ́, nítorí gbogbo wa la mọ dẹ́rẹ́bà, gbogbo wa la mọ kọ́ńdọ́.

Àjọ ìlera àgbáyé WHO náà sọ ọ́ ní 2020 pé kí àgbàlagbà máa ṣe ìdárayá tó ń mú ara gbóná níwọ̀ǹba fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kó sì fi ọjọ́ méjì ó kéré tán ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára. Tẹ́lẹ̀ wọ́n máa ń sọ pé èyí tí ò bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ò kà, wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò báyìí. Ibẹ̀ gan-an ni oúnjẹ ẹ wà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kà, àtẹ̀gùn téèyàn gùn lọ sí àjà kẹta kà.

Ohun tí mo fẹ́ kó o gbọ́ jù rèé, kí gbogbo ìyókù tó tẹ̀lé e: bi èèyàn léèrè kó o tó ní kó gbé ẹsẹ̀. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọ́fíìsì kan nílùú yìí ní kí n wá. Inú mi dùn, mo gbé sípíkà mi dání, mo to wọn bí ọgbọ̀n èèyàn sí kọ́ridọ̀, mo ní ká bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú kan. Bàbá kan wà níbẹ̀, ó ti lé láàádọ́ta, ó wọ bàbáríga funfun, òun ni ọ̀gá ẹ̀ka yẹn, àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ sì ń wò ó. Ó ń bá wa sáré. Kò tíì pẹ́ tí mo fi rí i tó na ọwọ́ di irin fèrèsé mú, òógùn ti bo iwájú orí ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ń gbẹ, ó ń sọ pé kò sí nǹkan, kò sí nǹkan. A gbé e jókòó, a gbé e lọ sí ọsibítù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti fò sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Àṣé ó ti mọ̀ tipẹ́ pé òun lẹ́jẹ̀ ríru, oògùn ẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì ẹ̀, ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí kò lò ó. Ọlọ́run ló yọ wá, bàbá yẹn wà láàyè dòní. Àmọ́ mi ò bi í léèrè. Ká ní mo bi í, ì bá sọ fún mi. Títí di ìsinsìnyí tí mo bá rí bàbáríga funfun láàárín àwọn tí mo fẹ́ kọ́, ọkàn mi ṣì máa ń já.

Torí náà, ìwé ló ṣáájú. Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní PAR-Q, ìbéèrè méje ló wà nínú ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀: ṣé dókítà ti sọ pé ọkàn ẹ ní wàhálà, ṣé àyà máa ń dùn ẹ́, ṣé òòyì máa ń kọ́ ẹ, ṣé eegun tàbí oríkèé kan ń yọ ẹ́ lẹ́nu, ṣé ò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, irú ẹ̀ báyẹn. Tú u sí Yorùbá tó dáa, kó o sì máa bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ní kọ̀rọ̀, ṣebí ìwọ náà mọ̀ n'Ílọrin níbí pé Alhaji ò ní jẹ́wọ́ àìsàn ẹ̀ lójú ọmọ tó ń bá a gbé fáìlì. Ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ apá. Ẹni tí ìfúnpá ẹ̀ bá lọ sí 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó o dúró díẹ̀ tó o tún wọ̀n ọ́n tí kò sọ̀kalẹ̀, ní kó lọ rí dókítà. Ẹni tó ní àyà ń dun òun ò gbọdọ̀ bá ẹ ṣe nǹkan kan títí dókítà á fi sọ̀rọ̀.

Ìwé ẹ̀rí tó o ní yẹn ti dáa, má fojú kéré ẹ̀ jàre. Ohun tó kù díẹ̀ ni ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọkàn tó dúró jí, ìyẹn CPR, kó o kọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe lórí fóònù. Tí owó bá wá yọ, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ìdárayá ti ACE tàbí NASM ti Amẹ́ríkà wà, wọ́n á béèrè káàdì CPR lọ́wọ́ ẹ, ọdún méjì méjì lo sì máa ń sọ ọ́ dọ̀tun. Má torí pé o ò tíì ní ìyẹn jókòó sílé o. Àmọ́ mọ ibi tí iṣẹ́ ẹ dúró sí. Ẹni tí eegun ẹ̀yìn ẹ̀ yẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ látinú rọpárọsẹ̀, ti fisiotẹ́rápíìsì nìyẹn, láíséǹsì ni wọ́n fi ń ṣe é, Medical Rehabilitation Therapists Board ló ń fún wọn. Wá ọ̀kan nínú wọn sọ́rẹ̀ẹ́, kó o máa darí èèyàn sí i, òun náà á máa darí èèyàn sí ẹ.

Báwo lo ṣe máa wọlé? Gbogbo èèyàn ń sáré lọ bá ọ̀gá àgbà, lẹ́tà wọn á sùn sórí tábìlì. Kọpurétíífù ni kó o lọ bá. Ó ṣòro kó o rí ọ́fíìsì tí kò ní kọpurétíífù tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àwọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń yọ owó lára owó oṣù, àwọn ló ń ṣe ìpàdé tí gbogbo èèyàn ń wá, tí akọ̀wé wọn bá sì ti nífẹ̀ẹ́ ẹ, ó ti parí. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni lẹ́tà ẹ: ohun tó o fẹ́ ṣe, iye ìṣẹ́jú, ọjọ́ wo, iye owó. Sọ pé o máa fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹ̀ka kan péré. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo wí o, má jẹ́ kó di mẹ́ta. Mo ti fi oṣù mẹ́ta ṣiṣẹ́ fáwọn kan rí lórí ọ̀rọ̀ ẹnu, wọ́n ní owó ń bọ̀ owó ń bọ̀, mi ò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Kẹ́ ẹ jọ buwọ́ lùwé kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀. Fi orúkọ iṣẹ́ ẹ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kó o sì ṣí àkáǹtì sí orúkọ yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ò fẹ́ máa sanwó sínú àkáǹtì èèyàn lásán.

Owó ńkọ́? Ká ní kọpurétíífù kan gbà kí èèyàn 25 máa san ₦3,000 lóṣù, ₦75,000 nìyẹn, fún ìṣẹ́jú 20 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Yọ owó kẹ̀kẹ́ kúrò. Tó o bá ní irú ọ́fíìsì mẹ́ta tí wọn ò jìnnà síra, bí GRA, Fate, Ahmadu Bello Way, o lè ṣe méjì láàárọ̀ kan. Má gba ti Òkè-Òyì pọ̀ mọ́ ti Adéwọlé lọ́jọ́ kan náà, ojú títì ni èrè ẹ máa tán sí.

Ìdárayá fúnra ẹ̀ ò gbọdọ̀ béèrè pé kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ. Àga kan tí kò ní táyà ti tó. Kí wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí wọ́n dìde dúró gbọin láìdi nǹkan kan mú, kí wọ́n jókòó padà. Kí wọ́n kọjú sí ògiri kí wọ́n tì í. Kí wọ́n fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ dúró. Kí wọ́n yí èjìká sẹ́yìn, ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà á mọ̀ ọ́n lára lójú ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn ò lè kọrin, ara wọn ti gbóná tó. Àwọn obìnrin, pàápàá àwọn tó ń lo híjáàbù, wọ́n lè fẹ́ yàrá tiwọn, wá obìnrin kan tẹ́ ẹ jọ máa ṣe é kó o sì san tiẹ̀ fún un. Ọjọ́ Jímọ̀, àárọ̀ ni kó o ti parí. Lásìkò ààwẹ̀, dín in kù sí nínà ara àti rírìn díẹ̀, má sọ pé kí ẹni tí kò mumi láti sààrì máa fò.

Àkọsílẹ̀ ni yóò bá ẹ tọrọ oṣù kejì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ka iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè dìde lórí àga nínú ìṣẹ́jú àáyá 30, kọ ọ́ sílẹ̀, kó o tún kà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mú àpapọ̀ ẹ̀ lọ fún ọ̀gá láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, má mú ti ẹni tó sanra ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, torí èèyàn á sá fún ẹ.

*Àǹtí, èmi náà ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìdárayá, Gérí Àlímí ni mo wà. Àwọn oníbàárà mi ń béèrè tíì tó ń fa ikùn wọlé, èrè tó wà lórí ẹ̀ sì ju ti ìdárayá lọ. Ṣé kí n máa tà á?*

Rárá o, àbúrò. Senna, ewé kan tó ń múni yàgbẹ́, ló wà nínú ọ̀pọ̀ nínú tíì yẹn, omi àti ìgbẹ́ ló ń jáde lára ẹni tó mu ún, ọ̀rá wà níbi tó wà. Ìwọ sì ti mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn oníbàárà ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá dákú, ọ̀dọ̀ ẹ ni wọ́n máa sọ pé ó ti rà á. Jẹ́ kó lọ.

*Àǹtí, tíṣà ni mí l'Ọ́fà, ẹni ọdún 43, mo sì sanra. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń rìn láàárọ̀, ara mi ti fúyẹ́, mo sì fẹ́ máa kó àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi jọ. Ọ̀kan wà tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kì í lè dìde láìdi tábìlì mú. Àmọ́ wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé èmi tí mo rí báyìí, kí ni mo fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni.*

Arábìnrin mi, ẹ máa dá wọn lóhùn pẹ̀lú àga. Mo ti rí ọmọkùnrin abíṣan tó lé gbogbo ọ́fíìsì sá lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, torí kò mọ bó ṣe ń ṣe ẹni tí orúnkún ń dùn. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ bí àtẹ̀gùn ṣe máa ń rí lójú ẹni tí ara ẹ̀ wúwo, ìyẹn ò sí nínú satífíkéètì kankan. Ẹ lọ kọ́ CPR, ẹ lo ìwé ìbéèrè tí mo sọ lókè yẹn, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní yàrá àwọn tíṣà tiyín kí bẹ́ẹ̀lì àárọ̀ tó lù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èèyàn mẹ́ta ti tó. Tó bá dúró dáadáa, ẹ gbé e lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn tíṣà, NUT, ti ẹ̀ka yín, ibẹ̀ ni ilé ìwé yòókù á ti gbọ́.

Ìyá tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, ẹ má ní kó dìde láìdi nǹkan mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ gbé tìmùtìmù méjì sórí àga kó ga, kó di tábìlì mú, ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọwọ́ kan. Nígbà tó bá yá ẹ yọ tìmùtìmù kan. Ẹ kọ̀wé sí mi lẹ́yìn oṣù méjì, kẹ́ ẹ sọ iye ìgbà tó lè dìde fún mi.