Èsì: Ìrìn àjò tọkọtaya láti Ọ̀fà sí Èkó

Ẹ̀yin ará wa l'Ọ́fà tí ẹ béèrè bí ẹ̀yin àti ìyàwó yín yóò ṣe rìn ní Èkó láìsí ìyọnu, owó wẹ́wẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ní Òṣòdì, kọ̀ńdọ́ so èmi àti ìyàwó mi pọ̀ mọ́ ọkùnrin kan nítorí ṣéńjì, ìyẹn ni pé ó fún wa ní owó kan ṣoṣo pé kí a lọ pín in láàárín ara wa, ọkùnrin náà gba owó, ó sì kó sáàárín èrò, ni ìyàwó mi bá sá tẹ̀ lé e títí ó fi gba tiwa, nígbà tí èmi ń ṣọ́ ẹrù. Láti Máìlì Túù dé Màrínà, ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, tí káàdì ni a fi ń sanwó rẹ̀, sàn ju dánfó lọ.