Nígbà Tí Ilé Bá Da Ètò Ẹ̀kọ́ Rú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Ilé ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ mi lẹ́kọ̀ọ́. Àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún 10, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 7, àbúrò wọn sì ń mu ọmú lọ́wọ́. Mo kọ ètò ẹ̀kọ́ wa sára ògiri ní wákàtí-wákàtí, ṣùgbọ́n bí ìkókó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké tàbí tí àlejò bá yà, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Ṣé kí n fi ọwọ́ líle mú ètò náà ni, àbí kí n pa á tì? Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá, ìyá wa. Ẹ má pa á tì, ẹ má sì fi ọwọ́ líle mú un. Lára aago ni kí ẹ ti tú u. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ máa tẹ̀ lé iṣẹ́: lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ìwé kíkà, lẹ́yìn ìwé kíkà, ìṣirò. Bí ìkókó bá gba wákàtí kan lọ́wọ́ yín, ibi tí ẹ dé ni ẹ ó ti máa bá a lọ, kò sì sí ẹni tó pẹ́.

Ìwé kíkà àti ìṣirò ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ kan lọ láìfọwọ́ kàn, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú 15 péré. Ní ọdún 1885 ni Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ ará Jámánì tó fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò, tẹ ìwádìí rẹ̀ nípa ìgbàgbé jáde, ó sì rí i pé àtúnkà tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ máa ń dúró sórí ju èyí tí a dà pọ̀ sí ìjókòó kan lọ. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tó ti kọjá lé àwọn ọmọ lórí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ti ìtàn, sáyẹ́ǹsì àti àwòrán yíyà, ẹ má fún èyíkéyìí ní ọjọ́ tirẹ̀, torí bí ọjọ́ náà bá bàjẹ́, odindi ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yẹn yóò fi dúró. Ẹ kọ wọ́n tẹ̀ lé ara wọn sínú ìwé, ẹ sàmì sí èyí tí ẹ ṣe kẹ́yìn. Ìgbàkígbà tí ààyè bá yọ, èyí tó kàn ni ẹ ó mú.

Nígbà tí ẹ bá ń fún ìkókó lọ́mú, ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún 7 jókòó tì yín kó máa kàwé sókè: ọwọ́ yín ló dí, etí yín kò dí. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àpò kan tí ẹ ti kó ìwé ìtàn àti ìṣirò tó ti mọ̀ ọ́n ṣe sí, kó lè dá mú un láìbéèrè. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, kó sùn. Ìyẹn kò gba àríyànjiyàn.

Bí òfin ibi tí ẹ ń gbé bá ka iye ọjọ́ ẹ̀kọ́ fún yín, ẹ máa kọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀ ní alaalẹ́, pàápàá ní ọjọ́ tó dàrú, torí àwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni èèyàn máa ń rò pé òun kò ṣe nǹkan kan.