Ṣé Òṣìṣẹ́ Ló Jẹ̀bi ni, àbí Ìṣàkóso Ilé Ìwòsàn?

Ìbéèrè: Olóòtú ọ̀wọ́n, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ wà ní ilé ìwòsàn ìjọba tí à ń lò, síbẹ̀ oògùn kì í sábà sí, àwọn aláìsàn sì máa ń jókòó pẹ́ kí a tó dá wọn lóhùn. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni àwọn òṣìṣẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, àbí àwọn tó ń ṣàkóso ló fà á?

Ìdáhùn: A rí òṣìṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun méjèèjì tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ àwọn alákòóso ni wọ́n ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Oògùn kì í ṣàdéédé tán. Ẹni tó ń tọ́jú yàrá oògùn gbọ́dọ̀ máa kọ ohun tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀, kí ó sì béèrè fún òmíràn kí èyí tó wà nílẹ̀ tó fẹ́ tán. Bí àkọsílẹ̀ náà kò bá péye, tàbí tí ìbéèrè rẹ̀ bá ń sùn sí ọ́fíìsì kan dé òmíràn, kò sí ohun tí dókítà lè ṣe ju kí ó kọ orúkọ oògùn lé aláìsàn lọ́wọ́.

Èyí tó dùn wá jù ni ti oxytocin, abẹ́rẹ́ tí a fi ń dènà ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fi pamọ́ sínú òtútù tó wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Níbi tí a kò ti yan ẹni tí yóò máa wo fìríìjì lójoojúmọ́, tí olórí ilé ìwòsàn kò sì ní àṣẹ láti ná owó díẹ̀ tún un ṣe, agbára abẹ́rẹ́ náà lè dín kù láìsí ẹni tó fura. Agbẹ̀bí yóò gún un bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ lè má dá, òun náà ni wọn yóò sì bá wí.

Ní ti ìdúró pípẹ́, ìwé ìpín-iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè: ṣé àwọn òṣìṣẹ́ máa ń pọ̀ ní wákàtí tí èrò pọ̀ jù?

Ní ọdún 2018, ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn The Lancet Global Health gbé kalẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé lọ́dọọdún, ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó àti àwọn tó wà ní agbedeméjì, nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 ènìyàn ni ìtọ́jú tí kò dára ń pa, nígbà tí àwọn tó kú nítorí pé wọn kò rí ìtọ́jú jẹ́ bíi mílíọ̀nù 3.6. Ìdí nìyí tí a kò fi gbà pé ilé tuntun nìkan ni oògùn ìṣòro yìí. Bí ilé ìwòsàn yín bá ní ìgbìmọ̀ tí ará àdúgbò wà nínú rẹ̀, ẹ lọ sí ìpàdé wọn, kí ẹ béèrè ọjọ́ tí oògùn kọ̀ọ̀kan tán, ọjọ́ tí wọ́n kọ̀wé béèrè fún un, àti ẹni tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.